Àṣìkí Màmá Mi

Ní ọdún 2012, bàbá ọkùnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa kú, èmi àti màmá mi sì lọ kí i nílé. Ọmọ Yorùbá ni ọkùnrin náà, òṣìṣẹ́ báńkì, ṣùgbọ́n Port Harcourt níbí ni wọ́n bí i sí, ibí náà ló dàgbà sí. Pálọ̀ rẹ̀ kún fún èèyàn. Màmá mi gba àárín èrò kọjá, wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, wọ́n wò ó lójú tàánútàánú, wọ́n ní, "Ẹ kú ewu ọmọ o. Ọlọ́run á wò ó."

Ọkùnrin náà mi orí. Ó ní, "Àmín, Mama. Ẹ ṣé gan-an ni."

Yéè! Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, kò sẹ́ni tó dijú. Ìyàwó rẹ̀, ọmọ Ìgbò, ń gbé omi fún àwọn àlejò. Àwọn èèyàn ṣọ́ọ̀ṣì ń fi Pidgin sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀. Màmá mi fi kíkí ìyá ọlọ́mọ tuntun kí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, nínú gbogbo èrò tó wà níbẹ̀, èmi nìkan ni mo gbọ́ ọ. Mo fà wọ́n lọ́wọ́, mo sọ ọ̀rọ̀ tó yẹ fún ọkùnrin náà fúnra mi, "Ẹ kú ara fẹ́ra kù, Ọlọ́run á tù yín nínú," a sì jáde.

Ẹni tí kò bá mọ màmá mi lè ní kí ló tó nǹkan níbẹ̀, pé ẹnu ló kàn ṣì í sọ. Ẹnu ta ni? Ẹnu màmá mi kọ́! Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti wá bá mi gbé lẹ́yìn tí bàbá mi kú, kí wọ́n tó dé, gbogbo àdúgbò wa níbẹ̀ mọ̀ wọ́n mọ kíkí. Bí wọ́n bá kọjá lọ́dọ̀ àwọn tó ń dirun, wọ́n á ní, "Ojú gbooro o." Kíkí olóko lọ́tọ̀, kíkí ẹni tó ń kọ́lé lọ́tọ̀, kíkí ẹni tí òjò pa lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dé ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ta ọ̀dà ilé ní Rumuokwuta, mo ń po ọ̀dà búlúù fún oníbàárà kan lọ́wọ́. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní, "Àrẹ̀dú o!" bí ẹni tó ń kí aláró.

Mo ní, "Màmá, ọ̀dà ògiri ni o, kì í ṣe aró."

Wọ́n ní, "Ṣé kò ní mú ògiri ni? Dáhùn, jàre."

Irú ẹnu bẹ́ẹ̀ ló ṣì kíkí ọ̀fọ̀ kí. Nínú mọ́tò, mo bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n sọ fún ọkùnrin yẹn. Wọ́n ní àwọn bá a kẹ́dùn ni. Mo ní kí wọ́n tún un sọ fún mi gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Wọ́n yíjú sí fèrèsé, wọ́n ní, "Kí lo ń fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò sí bí ọlọ́pàá?" Mo mọ̀ nígbà náà pé àwọn fúnra wọn mọ̀ pé nǹkan ti ń sá fún àwọn. Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀rù ba àwọn náà, a ò sì sọ ọ́ síta.

Ọkọ mi ni mo kọ́kọ́ sọ fún. Ọmọ Ikwerre ni. Iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ ló gbé mi dé Port Harcourt ní ọdún 1999, mo ní bí ọdún bá ti pé, kíá ni màá gba ilé lọ. Ọkùnrin yìí ló dá mi dúró. Pidgin la fi fẹ́ra wa, Pidgin la fi ń jà títí dòní, Pidgin náà ni ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí a bí kọ́kọ́ fi bẹ ọmú. Ọkọ mi gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, ó ní, "My wife, Mama don old small. Leave am." Mo ní wọ́n ti dàgbà báwo? Ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin? Ìyá tirẹ̀ tó ju ìyẹn lọ ṣì ń ka ìsáwùrú fún oníbàárà ní Amadi-Ama, kò ṣì í kà! Ó gbé ọwọ́ sókè, ó ní òun ò bá mi jà.

Mo wá pe bọ̀ọ̀dá mi, àkọ́bí màmá, tó wà nílé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Òun tilẹ̀ kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. "Arán ni," ló wí. "Ṣé àgbàlagbà kì í ṣarán ni? Gbé wọn wá sílé. Òkè àdúrà kan wà níbí tí wọ́n ti ń gbàdúrà fún irú ọ̀rọ̀ báyìí. Wọ́n á gbé ibẹ̀ fúngbà díẹ̀."

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é ní arán. Ẹ jẹ́ kí n gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà ná."

"Dókítà á ṣe kí ni fún arán? Mo fún ọ di Kérésì. Bí nǹkan ò bá yí padà, màá wá gbé wọn."

Mo pa fóònù náà, mo sì pariwo sókè nínú ṣọ́ọ̀bù tó fi jẹ́ pé oníbàárà tó ń yẹ búrọ́ọ̀ṣì wò sá síta. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ṣe lè pa èèyàn láàyè. Bí wọ́n bá ti ní arán ni, ó parí, kò sẹ́ni tó tún máa wò ó mọ́. Wọ́n á kàn máa fún un lóúnjẹ, wọ́n á máa ṣe àmín sí ohunkóhun tó bá sọ. Mo búra nínú mi pé a ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ sí màmá mi lójú mi.

Dókítà tí a lọ bá kò ju ọ̀dọ́bìnrin lọ, ará ìlú etí odò ni, ọwọ́ rẹ̀ le, ohùn rẹ̀ rọ̀. Ó fi Pidgin bi màmá mi ní ìbéèrè: ọjọ́ wo la wà, ta ló ń ṣe gómìnà, ibo la jókòó sí yìí. Màmá mi dáhùn gbogbo rẹ̀ kedere. Wọ́n tilẹ̀ bi òun náà pé ṣé ó ti lọ́kọ. Dókítà rẹ́rìn-ín, ó yíjú sí mi, ó ní, "Madam, Mama dey okay."

Inú bí mi. Mo ní, "Doctor, she no dey okay. Na Yoruba she dey miss, no be Pidgin." Mo ṣàlàyé fún un. Mo ní ní èdè tiwa, ìkíni kì í ṣe 'good morning' lásán, ohun gbogbo ló ní tirẹ̀, ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n kí ń fi ojú wo èèyàn, ó ń ro ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i, ó ń mú ọ̀rọ̀ tó bá a mu láàárín ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀, kó tó mí lẹ́ẹ̀kan. Mo ní màmá mi ti mú èyí tí kò bá a mu. Mo ní bí a bá dúró títí wọn ò fi mọ ọjọ́ tí a wà ní Pidgin mọ́, ó ti pẹ́ jù. Mo sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú, omi sì ń bọ́ lójú mi.

Kí Ọlọ́run bù kún obìnrin yẹn. Kò bínú. Ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀, ó ní kí n bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn, kí òun gbọ́. Mo bi wọ́n. Ẹni tó ń dirun? Wọ́n mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bímọ? Wọ́n mọ̀ ọ́n. Ẹni tó dáko? Wọ́n ronú, wọ́n ní, "Ẹ kú ìjókòó." Ẹni tí èèyàn rẹ̀ kú? Wọ́n wò mí, ètè wọn ń gbọ̀n, kò sí ohun tó jáde. Dókítà ò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó rí ètè yẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé. Ó ní oríṣiríṣi nǹkan ló ń fa ìgbàgbé, kí a yẹ gbogbo wọn wò. Ó wọn ìbàdí màmá mi, ó yẹ ọrùn wọn wò, ó ní kí wọ́n wá gba ẹ̀jẹ̀ wọn láàárọ̀ láìtíì jẹun.

Ó wá bi wọ́n ní ọ̀rọ̀ ṣúgà. Màmá mi nà ró. "Ṣúgà? Èmi? Mi ò jẹ ṣúgà o! Láti ìgbà tí ìtọ̀ ṣúgà ti pa àǹtí mi, n ò fẹnu kàn án."

Òótọ́ ni. Kò sí ṣúgà nínú ògì wọn, kò sí nínú tíì wọn. Wọ́n tilẹ̀ ń mu omi ewúro nírọ̀lẹ́, wọ́n ní ìkorò rẹ̀ á máa fọ dídùn kúrò lára. Ṣùgbọ́n nígbà tí dókítà ní kí n ka ohun tí wọ́n ń jẹ, ojú tì mí bí mo ṣe ń kà á. Ògì àti búrẹ́dì láàárọ̀. Ẹ̀bà lọ́sàn-án, òkèlè ńláńlá. Ẹ̀bà tàbí fùfú lálẹ́. Mọ́ọ̀tì ìgò kan lórí rẹ̀, torí wọ́n ní ó ń fúnni lẹ́jẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n á jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n títí oorun á fi gbé wọn. Orúkọ àìsàn náà ló tàn wá jẹ, gbogbo ìdílé wa pátá. A gbọ́ 'ṣúgà', a ń sá fún èyí tó wà nínú páálí, a sì ń gbé gaàrí jókòó bí ọ̀rẹ́.

Èsì àyẹ̀wò jáde. Dókítà ní kì í ṣe ìtọ̀ ṣúgà tó dé tán, ó ṣì wà lójú ọ̀nà. Ó ní ara wọn ti ń kọ etí dídi sí ínsúlínì, ó ti pẹ́ tó ti bẹ̀rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé láti ìgbà tí wọ́n ti wà lẹ́ni àádọ́ta ọdún. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé fún mi, màmá mi ń wo ẹnu wa. Wọ́n ní, "Kí ló ń sọ? Ara mi lẹ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀."

Mo ronú díẹ̀. Mo ní, "Màmá, bí èèyàn bá dé ẹnu ọ̀nà onílé, kí ló ń sọ?"

"Àgò onílé o."

"Kí ni onílé á dáhùn?"

"Àgò yà."

"Ẹ ṣeun. Gaàrí tí ẹ jẹ, búrẹ́dì tí ẹ jẹ, ṣúgà ni gbogbo rẹ̀ ń dà bó bá ti wọnú ẹ̀jẹ̀. Ínsúlínì ló ń mú un lọ láti ilé dé ilé nínú ara yín. Ó ń ké àgò kí wọ́n lè ṣílẹ̀kùn fún oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ó ti ké àgò fún àwọn onílé yẹn láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, lọ́dọọdún, ó ti sú wọn, wọn ò dáhùn mọ́. Ara wá ń rán ínsúlínì sí i, ó ń pariwo, ilẹ̀kùn ò ṣí. Oúnjẹ jókòó síta."

"Orí mi ńkọ́?"

Èyí ni wọ́n ń bẹ̀rù láti bi mí láti ọjọ́ inú mọ́tò yẹn. Mo di ọwọ́ wọn mú. Mo ní, "Dókítà ní ọpọlọ náà ń gbọ́ àgò ínsúlínì, ó nílò rẹ̀ láti rántí nǹkan. Òun náà ti ń dití díẹ̀díẹ̀. Oúnjẹ pọ̀ lọ́nà, ebi ń pa á nínú ilé. Àwọn ìdọ̀tí tó yẹ kó máa gbá síta ń jókòó tì í lọ́rùn. Ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ síbẹ̀ náà ń há."

Wọ́n wá gbójú sókè, inú ti bí wọn gidi. "Irú ìwàkiwà wo nìyẹn? Nínú ara tèmi ni wọ́n ti ń gbọ́ àgò tí wọn ò dáhùn? Ta ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀? Kí ni kí á ṣe sí wọn?"

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún dókítà, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú. Ṣùgbọ́n kò tàn wá. Ó ní apá tó bá ti kú nínú ọpọlọ kò ní jí, apá tí ebi ń pa nìkan la lè bọ́. Ó ní òun ò ṣèlérí, oògùn tí òun máa fún wọn wà fún ara, kò sí èyí tó lè dá orí padà. Ó ní kí wọ́n máa rìn, torí iṣan tó ń ṣiṣẹ́ ń ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà láìjẹ́ pé ínsúlínì pariwo. Kí wọ́n dín òkèlè kù. Kí wọ́n sùn dáadáa.

Láti ọjọ́ kejì la ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń gbé Rumuibekwe nígbà yẹn lè rántí ìyá Yorùbá kan tó ń wọ bàtà kánfáàsì sábẹ́ ìró láàárọ̀, tó ń ju ọwọ́ bí ṣọ́jà. Màmá mi nìyẹn. Èmi ń tẹ̀lé wọn lẹ́yìn, mo ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀. Wọ́n á ní, "Ìwọ, gbẹ́sẹ̀! Ṣé inú tìẹ ń dáhùn àgò ni?" Ẹ̀bà wọn di èyí tó wọ inú àtẹ́lẹwọ́, wọ́n wò ó lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé kí n jẹ ẹ́ ni àbí kí n fi wẹ̀?" Ṣùgbọ́n wọ́n jẹ ẹ́. Úgwú pọ̀ lórí rẹ̀, ẹja tútù láti etí omi, ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín. Wọ́n sunkún nítorí mọ́ọ̀tì, mi ò parọ́. Mo gbé gbogbo rẹ̀ kúrò nílé.

Bí a bá ń gẹ́fọ̀ọ́ lọ́sàn-án, màá máa bi wọ́n ní ìkíni. "Màmá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọjà dé." "Màmá, mò ń rẹ aṣọ." Bí wọ́n bá gbà á, inú wọn á dùn bí ọmọdé. Bí wọ́n bá ṣì í, màá sọ fún wọn pé wọ́n ṣì í. Ọkọ mi ní kí n yéé dààmú ìyá náà, kí n máa jẹ́ kó kọjá. Màmá mi ló dá a lóhùn fúnra wọn, pẹ̀lú Pidgin wọn tó rí jagajaga: "No let am pass! If she let am pass, I don die." Ọmọ mi, tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà, á jókòó síbẹ̀, á máa fi wọ́n rẹ́rìn-ín.

Kérésì ò sì pẹ́ kó tó dé. Bọ̀ọ̀dá mi wá lóòótọ́, ó gbé mọ́tò wá, ó ti bá àwọn ará òkè àdúrà sọ ọ́. Màmá mi jáde sí i ní géètì. Mo dúró lẹ́yìn wọn. Wọ́n wò ó, wọ́n wo eruku ara mọ́tò, wọ́n ní, "O kú ewu ọ̀nà o. O kú ọjọ́ mẹ́ta." Mo mí kanlẹ̀. Nígbà tó di ìdí oúnjẹ, wọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì pé ìgbà wo ló dé, ó sì wò mí bí ẹni pé ó ti mú mi.

Ó ní, "Màmá, ẹ palẹ̀ mọ́. A ń lọ sílé. Wọ́n á gbàdúrà fún yín."

Màmá mi ò pariwo. Wọ́n ní, "Èmi náà ń gbàdúrà. Mo mọ̀ pé mò ń gbàgbé, má rò pé n ò mọ̀. Ṣùgbọ́n níbí, bí mo bá ṣì í sọ, ọmọ mi ń gbọ́ ọ, ó ń sọ fún mi. Ta ni yóò gbọ́ ọ lórí òkè yẹn, níbi tí gbogbo yín á ti máa ṣe àmín? Mi ò lọ."

Bọ̀ọ̀dá mi tẹ orí ba. Ó ní kí n fi hàn òun bí a ṣe ń ṣe é. Mo fi hàn án. Ó bá wa rìn láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò sì lè rìn dé ìdajì ibi tí màmá rìn dé.

Màmá mi ò padà sí bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀. Àwọn ìkíni kan lọ, wọn ò dé mọ́. Ṣùgbọ́n ọdún ń gorí ọdún, orí wọn dúró ju bí dókítà fúnra rẹ̀ ṣe rò lọ. Ní ọdún 2019, wọ́n sùn lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọn ò jí. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, wọ́n pe orúkọ mi, wọ́n ní mo da iyọ̀ púpọ̀ sẹ́fọ̀ọ́. Wọ́n mọ̀ mí títí tó fi tán. Èmi ni mo jà á gbà, mi ò sì ní tijú láti sọ ọ́.

Ó wá kan èmi náà. Nígbà tí mo lé lẹ́ni àádọ́ta ọdún, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi níkùn, mo sì ń tòògbé ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, orúkọ oníbàárà ń ṣòro fún mi láti pè. Mo lọ bá dókítà mi yẹn kan náà, orí rẹ̀ ti ń hewú. Ó yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò. Ó ní ṣúgà mi ò tíì ga, ṣùgbọ́n ínsúlínì mi ti ń pariwo. Mo ní ó dáa, mo mọ iṣẹ́ náà. Mo gbé bàtà kánfáàsì wọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ẹsẹ̀ àti ẹnu, mo lè kó wọn ní ìjánu. Ohun kan ló ń dẹ́rù bà mí. Màmá mi ní èmi. Ta ni mo ní? Ọkọ mi ń sọ fún mi lójoojúmọ́ pé, "Your brain dey sharp." Báwo ló ṣe máa mọ̀? Pidgin ló ń gbọ́ lẹ́nu mi, 'How far' ni mo fi ń kí olówó, 'How far' náà ni mo fi ń kí oníkẹ̀kẹ́. Ọmọ mi ti parí yunifásítì, ó ń ṣiṣẹ́ ní Trans-Amadi, Yorùbá rẹ̀ kò ju 'ẹ káàárọ̀' àti 'mo ti yó' lọ. Bí orí mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ níbi tí ti màmá mi ti bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ nínú ilé yìí. Wọ́n á máa ṣe àmín sí mi.

Nítorí náà, mo pe ọmọ mi jókòó, mo ní a máa bẹ̀rẹ̀ Yorùbá. Ó ní, "Mummy, at this age? How many 'kú' dey inside this language sef?" Mo ní kó máa kà wọ́n bó bá ṣe ń bá wọn pàdé. Mo sọ ìdí rẹ̀ fún un láìfi nǹkan kan pamọ́. Ó dẹ́kun ẹ̀rín, ó wò mí, ó ní ó yá.

Mo ń kọ́ ọ, mo sì ń dẹ pàkúté fún un. Bó bá wọlé láti ibi iṣẹ́, màá mọ̀ọ́mọ̀ kí i ní òdì. Ní ìbẹ̀rẹ̀, á ní, "Ẹ ṣé, Mummy," á kọjá lọ sí yàrá, màá sì pè é padà pẹ̀lú ariwo. Ó pẹ́ kó tó mú èyí àkọ́kọ́. Òjò ò rọ̀, mo kí i kú òjò, ó yí padà ní kọ́rídọ̀, ó ní, "Òjò wo? Oòrùn ń ran!" Mo dìde, mo jó. Láti ìgbà náà, kò sí pàkúté mi tí kì í rí, a sì ń fi í ṣeré bí ẹni ń ta ayò.

Ní oṣù tó kọjá, ibi iṣẹ́ rẹ̀ rán an lọ sí Àbújá fún ọ̀sẹ̀ kan. Lọ́jọ́ tó máa dé, mo ti ń wo ọ̀nà láti òwúrọ̀. Mo gbọ́ géètì, mo sáré ṣílẹ̀kùn, inú mi dùn débi pé n kò ro ohunkóhun. Mo na ọwọ́ sí i, mo ní, "O kú ojú lọ́nà o!"

Ó ju báàgì sílẹ̀, ó pàtẹ́wọ́. "Mummy, I catch you! Èmi tó dé ló máa sọ ìyẹn fún yín. 'Kú àbọ̀' ni ti yín!"

Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń dúró kí n jó. N kò jó. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo di férémù ilẹ̀kùn mú. Mo lè purọ́. Mo lè ní, "O káre, o mú mi," kí a wọlé, kí a jẹun. Mo ní, "Ọmọ mi, n kò dẹ pàkúté lónìí."

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó bi mí pẹ̀lú ohùn kékeré pé, "You no plan am?" Mo ní rárá. Mo rò pé á sunkún, mo rò pé á ní kò tó nǹkan, pé gbogbo èèyàn ló ń ṣì í sọ. Ó yọ fóònù rẹ̀, ó pe dókítà lójú mi, ó gba ọjọ́ Monday fún wa. Ó fi fóònù sápò, ó padà sẹ́yìn sí ìta géètì pẹ̀lú báàgì rẹ̀, ó ti géètì náà, ó sì tún un ṣí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ó dúró níwájú mi, omi ti kún ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú náà le. Ó ní, "Ó yá, Mummy. Ẹ tún un kí."

Mo ní, "Kú àbọ̀, ọmọ mi."

Ó ní, "Lẹ́ẹ̀kan sí i."